Íńtánṣíìpù ní orílẹ̀-èdè míì: láti ìgbà tó o bá ń wá a títí dé ọjọ́ tó o máa kúrò níbẹ̀

Íńtánṣíìpù ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe fúngbà díẹ̀ kó lè kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń ṣe é la ń pè ní íńtánì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló rò pé tí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ bá ti dé, tí físà náà ti jáde, ó parí nìyẹn. Irọ́ o, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó mọ iṣẹ́ dáadáa tó lọ ṣe oṣù mẹ́ta, tó kúrò níbẹ̀ tí kò sí ẹnì kan tó lè sọ pé nǹkan báyìí ló ṣe, mo sì ti rí ẹlòmíì tí kò mọ iṣẹ́ tó yẹn rárá tí wọ́n ní kó padà wá tó bá ti gboyè. Ohun tó fi ìyàtọ̀ sí àwọn méjèèjì ò ju bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan lọ, àti bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Torí ẹ̀ mo máa sáré díẹ̀ lórí wíwá a, ibi iṣẹ́ gan-an ni mo fẹ́ jókòó sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ irú èyí tó o ń wá

Wọn ò rí bákan náà o. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa so akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ iléeṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè míì, IAESTE wà fáwọn tó ń ka sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà, AIESEC náà wà, ọdún 1948 làwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí lo fẹ́, CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Geneva, máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nígbà sọ́mà, ìyẹn ìgbà ooru wọn, OIST, yunifásítì ìwádìí kan ní Okinawa ní Japan, náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ibikíbi. Tí yunifásítì ẹ bá wà nínú Erasmus+, ètò tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, wọ́n lè fi owó ràn ẹ́ lọ́wọ́ fún íńtánṣíìpù tó jẹ́ oṣù 2 sí oṣù 12. Sékítéríàtì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń gbà fún oṣù 2 sí 6, àmọ́ wọn kì í sanwó, ìwọ lo máa bọ́ ara ẹ, lo máa wá ilé, nígbà tó jẹ́ pé ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn, máa ń fúnni ní aláwéè. Ká sòótọ́, tí kò bá sí ẹni tó máa gbé ẹ ró lówó, má wulẹ̀ fi orúkọ ńlá tan ara ẹ jẹ.

Ẹni tí kò lè rìnrìn àjò ṣì lè ṣe é látilé. Google Summer of Code ti wà láti 2005, Outreachy ń san $7,000 fún oṣù mẹ́ta, ètò ni àwọn méjèèjì tí wọ́n ti ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ lórí sọ́fíwia tí kóòdù ẹ̀ wà fún gbogbo ayé, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo iṣẹ́ wọn wà, àwọn tó o sì máa bá ṣiṣẹ́ lè wà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan máa ń fojú kéré irú èyí, èmi ò sí níbẹ̀, torí kóòdù tó o kọ síbẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ lọ́la lè lọ kà á fúnra ẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ètò sọ́mà ló máa ń ti ilẹ̀kùn wọn nígbà tí òtútù ṣì mú, àwọn ọmọ á wá máa béèrè lóṣù karùn-ún pé níbo ni fọ́ọ̀mù wà.

CV náà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Ní Amẹ́ríkà ojú ìwé kan ni, má fi fọ́tò sí i, má kọ ọjọ́ orí, má kọ bóyá o ti lọ́kọ tàbí aya. Ní Jámánì ẹ ṣì máa rí àwọn tó ń fi fọ́tò sí tiwọn, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó kan gbogbo wọn ni pé má kọ "mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun", kọ ohun tó o ṣe, fún ta ni, kí ló sì yọrí sí.

Tí wọ́n bá pè ẹ́ fún íńtáfíù, aago ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kẹta, Yúróòpù di Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù yẹn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò sì sún tiwọn rárá, torí náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹn ìyàtọ̀ aago tó o ti mọ̀ sórí ti yí padà. Kọ aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, sínú ímeèlì tó o fi dá wọn lóhùn kí àwọn náà lè rí i bóyá ẹ jọ ń sọ nǹkan kan náà. Ọjọ́ náà ńkọ́, 04/05 ní Amẹ́ríkà oṣù kẹrin ni, ní Yúróòpù oṣù karùn-ún ni. Fi orúkọ kọ oṣù, kò ní ná ẹ ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: rí i dájú pé kì í ṣe gbájúẹ̀

Tí wọ́n bá ní kó o san "owó fọ́ọ̀mù", "owó ìfọwọ́sí", "owó láptọ́ọ̀pù tí a máa dá padà", sá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Àwọn kan wà tó ń gba owó ètò lóòótọ́ tí wọn kì í ṣe olè, àwọn tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà J-1, èyí tí íńtánì fi ń wọ Amẹ́ríkà, bí àpẹẹrẹ, àmọ́ orúkọ wọn máa wà lórí wẹ́ẹ̀bù ìjọba Amẹ́ríkà, kó o tó fi owó sílẹ̀ lọ wò ó níbẹ̀. Wo àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n fi kọ̀wé, wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ wẹ́ẹ̀bù náà sílẹ̀, WHOIS, ibi tí wọ́n ti ń wo ìforúkọsílẹ̀ wẹ́ẹ̀bù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa sọ fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Iléeṣẹ́ tó ní òun ti wà fún ogún ọdún, wẹ́ẹ̀bù ẹ̀ ò tíì ju oṣù méjì lọ, kí la tún ń wí? Lẹ́yìn ẹ̀ pe fóònù iléeṣẹ́ náà fúnra ẹ, nọ́ńbà tó o wá jáde o, má pe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé, físà, ìnṣọ́ránsì

Níbi tó dáa, ẹni mẹ́ta ló máa ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn íńtánṣíìpù: ìwọ, yunifásítì ẹ, àti ibi tó o ń lọ. Ní Faransé convention de stage ni wọ́n ń pè é, láìsí i iléeṣẹ́ ò lè gbà ẹ́ wọlé, tó bá sì ju oṣù méjì lọ òfin ní dandan ni kí wọ́n san nǹkan fún ẹ. Nínú Erasmus+ ìwé náà ń jẹ́ Learning Agreement. Ní Jámánì, béèrè bóyá íńtánṣíìpù yẹn jẹ́ èyí tí yunifásítì ẹ fi ṣe dandan tàbí èyí tó wù ẹ́ láti ṣe, torí èyí tó jẹ́ dandan ò sí lábẹ́ òfin owó oṣù tó kéré jù, èyí tó wù ẹ́ láti ṣe tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ náà kò sí níbẹ̀. Bí ẹni meji bá ń ṣiṣẹ́ kan náà tí owó wọn ò dọ́gba, ó lè jẹ́ ibi tó ti wá nìyẹn.

Amẹ́ríkà ni ti ìwé pọ̀ jù. Físà J-1 fún íńtánì ò lè ju oṣù 12 lọ, o gbọ́dọ̀ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga lóde Amẹ́ríkà tàbí kó o má tíì ju ọdún kan lọ tó o gboyè. Onígbọ̀wọ́ ló ń fún ẹ ní DS-2019, ìwé tó o máa fi tọrọ físà náà, kì í ṣe iléeṣẹ́ tó o ń lọ, ìwọ sì máa san $220 owó SEVIS, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì. Ìwé míì tún wà tó ń jẹ́ DS-7002, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tó o máa kọ́ àti ẹni tó máa kọ́ ẹ sí. Àwọn ọmọ kàn máa ń fọwọ́ sí i láìkà á, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ló máa gbèjà ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ ẹ́ di ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì láti àárọ̀ dé alẹ́. Òfin ní iṣẹ́ akọ̀wé ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú iṣẹ́ ẹ, iṣẹ́ náà ò sì gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 32 lọ́sẹ̀.

Tó bá jẹ́ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni físà kékeré fún, kò sì túmọ̀ sí pé o lè ṣiṣẹ́, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀ lórí íńtánì, ẹ́ḿbásì wọn ni kó o bi. Ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń béèrè ò gbọ́dọ̀ dín sí €30,000. Ti J-1 jẹ́ $100,000 fún àìsàn tàbí ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan, $50,000 fún gbígbé ẹ kúrò níbẹ̀ tó bá le. Ka ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní san sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ya fọ́tò gbogbo ìwé, fi ọ̀kan sí ímeèlì ẹ, fi ọ̀kan sọ́wọ́ ẹni tó o fọkàn tán. Owó oṣù àkọ́kọ́ kì í tètè dé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó wọlé torí wọ́n á kọ́kọ́ ní kó o ṣí àkáǹtì báǹkì, báǹkì á ní kó o mú ìwé ibi tó ò ń gbé wá, onílé á ní kó o san owó ìdúró, ìyẹn dípọ́sítì tó máa dá padà tó o bá ń lọ. Má lọ láìní owó tó máa gbé ẹ fún àkókò yẹn. Ní Jámánì, tó o bá máa pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó o kó wọlé lo gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì ẹ sílẹ̀, torí náà béèrè lọ́wọ́ onílé kó o tó sanwó bóyá ó máa fún ẹ níwèé tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀. Tó bá ní rárá, wá ilé míì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó o tó bẹ̀rẹ̀, kọ ímeèlì kúkúrú sí sùpáfáísọ̀ ẹ, bi í ní nǹkan méjì péré: kí ni kí n kà kí n tó dé, ta ni kí n béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń rántí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Tó o bá dé ibẹ̀, gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń pe ọ̀gá. Ibi kan wà tó jẹ́ orúkọ ni wọ́n ń pè gbogbo èèyàn títí dé olórí iléeṣẹ́, ibi kan wà tó jẹ́ oyè ni, ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wo bóyá wọ́n máa ń dé ṣáájú aago tàbí wọ́n kàn ń wọlé bó ṣe wù wọ́n, wo ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ gidi, ṣé nínú mítìnì ni, ṣé orí Slack tí wọ́n fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn níbi iṣẹ́ ni, àbí nígbà tí wọ́n bá jọ ń jẹun ọ̀sán. Má máa dá jẹun níwájú kọ̀ǹpútà ẹ.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, bá sùpáfáísọ̀ ẹ jókòó, kó o sì bi í léèrè pé: "Tí mo bá ń lọ, kí lẹ máa rí tẹ́ ẹ máa fi sọ pé mo ṣe dáadáa?" Kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀, fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ yẹn náà. Ọ̀pọ̀ sùpáfáísọ̀ ni kò tíì ronú nípa ẹ̀ títí tó o fi béèrè, torí wọ́n kàn sọ fún wọn ní Mọ́ńdè pé íńtánì kan ń bọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí wọ́n ṣe ń béèrè, bí wọ́n ṣe ń ròyìn

Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè kan wà tó máa ń jẹ́ kí wọ́n rò pé o ò gbìyànjú rárá. Wo ọ̀kan:

"Ẹ jọ̀ọ́ fáìlì yẹn ò ṣiṣẹ́, kí ni kí n ṣe?"

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Fáìlì wo? Kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n máa ní láti dìde wá bá ẹ ni, wọ́n sì ní iṣẹ́ tiwọn lọ́wọ́. Wo èyí náà:

"Mò ń kó dátà oṣù tó kọjá wọlé. Fáìlì náà ṣí, àmọ́ ó ń fi oṣù sí ipò ọjọ́, ìlà 40 ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti yí sẹ́tìǹgì padà, mo ti ka ìtọ́sọ́nà wọn, kò yàtọ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé kí n fúnra mi tún un ṣe, àbí fáìlì míì wà?"

Ohun tó ò ń ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó o ti dán wò, ohun tó o rò, lẹ́yìn náà ìbéèrè tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Ẹni tó o kọ èyí sí lè dáhùn lórí fóònù nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, á sì tún rí i pé o ní làákàyè. Ìlànà tí mo fẹ́ràn ni pé kó o fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jà á fúnra ẹ, tó bá kọjá ìyẹn, béèrè. Ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì jókòó ti nǹkan tí ẹlòmíì lè fi ìṣẹ́jú méjì sọ fún un, kì í ṣe akin, ó fi àkókò ṣòfò ni. Tí èdè wọn ò bá sì tíì yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu, ìbéèrè tó o kọ sílẹ̀ tún máa gbà ẹ́, torí o láyè láti tún un kà kó o tó fi ránṣẹ́.

Tí wọ́n bá fún ẹ níṣẹ́ lẹ́nu, sọ ọ́ padà fún wọn: "Tí mo bá gbọ́ yé, ẹ fẹ́ kí n ṣe báyìí, kó délẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àbí?" Má tijú. Ohun tó ń fa wàhálà jù fún íńtánì ni pé ó sọ pé ó yé òun nígbà tí kò yé e.

Nǹkan kejì tí mi ò lè yọ sílẹ̀ ni ìròyìn Fúráìdè. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, sí sùpáfáísọ̀ ẹ, gbogbo Fúráìdè, bóyá wọ́n béèrè tàbí wọn ò béèrè:

"Ohun tí mo parí: mo ti tún ọjọ́ inú fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, mo kọ bí mo ṣe ṣe é sínú fódà wa. Ohun tó kù: àwòrán dátà fún mítìnì Wẹ́sìdè. Ohun tó dá mi dúró: mi ò tíì ní páswọ́ọ̀dù fún dátàbéèsì, mo ti kọ̀wé sí àwọn IT ní Túsìdè. Ìbéèrè mi: ṣé kí n fi ti ọdún tó kọjá kún un?"

Àwọn kan á ní sùpáfáísọ̀ àwọn kì í ka ímeèlì. Bó kà á bó ò kà á, kọ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, tó bá di ọjọ́ tó fẹ́ kọ̀wé jẹ́rìí ẹ, ibẹ̀ ló máa lọ wò, torí kò lè rántí ohun tó o ṣe lọ́sẹ̀ kẹta. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ náà máa rí ohun tó o máa kọ sínú CV àti sínú ìròyìn tí yunifásítì ẹ fẹ́ gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, tí ìjà bá sì dé lórí pé o ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rí ẹ wà nílẹ̀ tọ́jọ́ tọ́jọ́.

Nínú mítìnì, má dákẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, má sì sọ̀rọ̀ kó o kàn lè sọ̀rọ̀. Ka ohun tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí sílẹ̀, mú ìbéèrè kan dání. Tó o bá lè yọ̀ǹda láti máa kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí, gbà á, lójijì gbogbo èèyàn á mọ orúkọ ẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìdajì ọ̀nà, àti ìgbà tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ

Tó o bá ti lo ìdajì àkókò ẹ, béèrè fún ìdajì wákàtí. Má ṣe béèrè pé "ṣé mò ń ṣe dáadáa?", bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni wọ́n máa sọ. Béèrè pé "nǹkan kan wo lẹ fẹ́ kí n yí padà ní oṣù tó kù?" Tó bá ti sọ ọ́, má wí àwíjàre, kọ ọ́ sílẹ̀, ṣe é, kó o sì sọ fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé o ti ṣe é.

Tí iṣẹ́ ò bá sí, má jókòó kó o máa tẹ fóònù. Lọ bá wọn pẹ̀lú nǹkan méjì tó o ti kíyè sí pé kò tíì sẹ́ni tó ráyè ṣe é, ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí wọn ò fún ẹ ní nǹkan kan, mú ìwé tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí jáde, fi hàn wọ́n ní pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ kọ̀wé sí onígbọ̀wọ́ ẹ tàbí ọ́fíìsì yunifásítì ẹ. Má dúró dìgbà tó bá kù ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí ò ní àwàdà nínú: ẹnikẹ́ni ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba pásípọ́ọ̀tù ẹ kó sì tọ́jú ẹ̀ pamọ́, kì í báà jẹ́ ọ̀gá, kì í báà jẹ́ onílé. Tí ẹnì kan bá ń fọwọ́ kàn ẹ́ níbi tí kò yẹ tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ sí ẹ, kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó sọ sílẹ̀, kó o sì sọ fún ẹni tó wà lóde iléeṣẹ́ náà, onígbọ̀wọ́, yunifásítì, tàbí ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè ẹ. Mú nọ́ńbà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fóònù kó o tó wọ bàálù.

Àárò ilé máa sọ ẹ́, ó sábà máa ń le ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún nígbà tí ohun gbogbo ò ṣàjèjì mọ́. Wá nǹkan kan tó ò ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́, bọ́ọ̀lù, kíláàsì èdè, ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sùn. Béèrè lẹ́tà ẹ̀rí nígbà tó o ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí sùpáfáísọ̀ ẹ ti lè gbaṣẹ́ lọ sí ibòmíì. Fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí i tó o ti kó àwọn ìròyìn Fúráìdè jọ sí, ìyẹn á mú kó rọrùn fún un. Ní Jámánì wọ́n máa ń kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Praktikumszeugnis, béèrè fún un, kó o sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè wọn dáadáa bá ẹ kà á, torí àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ìyìn tó jọ pé ó pọ̀ lójú àjèjì lè jẹ́ máàkì àárín lásán.

Kọ ìwé ìfisílẹ̀: ibi tí gbogbo fáìlì wà, ohun tó kù, ohun tó lè bàjẹ́. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ tó rí ìwé yẹn máa máa dárúkọ ẹ fún ìgbà pípẹ́. Má da iṣẹ́ iléeṣẹ́ sórí fíláàṣì ẹ lọ sílé o, béèrè èyí tó o lè fi han ẹlòmíì, kí wọ́n dáhùn nínú ímeèlì.

J-1 máa ń fún ẹ ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ètò bá parí láti fi rìn káàkiri kó o sì di ẹrù, o ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, tó o bá sì jáde kúrò ní Amẹ́ríkà láàárín ìgbà yẹn o ò lè fi J-1 ọ̀hún wọlé mọ́. Tí wọ́n bá ń yọ owó orí nínú owó ẹ, béèrè bóyá o lè gbà á padà, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé ọdún tó tẹ̀ lé e lo máa tó kọ̀wé fún un, torí náà má tí ì ti àkáǹtì báǹkì ẹ pa títí owó oṣù tó gbẹ̀yìn, owó ìdúró tó wà lọ́wọ́ onílé àti owó orí yẹn á fi wọlé tán, kó o sì fún wọn ní ímeèlì tìẹ gan-an, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tí wọ́n máa tì lọ́jọ́ tó o bá kúrò.